Ta Ni Yóò Tún Àwòrán Yìí Ṣe Lọ́la? Ọ̀rọ̀ Lórí Sọ́fítíwíà Ìyàwòrán fún Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì àti àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, ní Ìbàdàn

Alága ìjókòó, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tó jókòó níwájú, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní Póòlì, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ọkọ̀, torí mo mọ̀ pé ẹni tó bá gba Mọ́kọ́lá kọjá ní àárọ̀ yìí ti rí i he kó tó dé gbọ̀ngàn yìí.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí sọ́fítíwíà ìyàwòrán tó rọrùn, irú èyí tí akọ̀wé lè lò lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ rẹ̀. Àbúrò tó wá pè mí bi mí léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ ṣá? Ṣé kì í ṣe kéèyàn kàn ṣí Paint ni?" Mo ní ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Kódà, ọ̀rọ̀ Paint gan-an, sọ́fítíwíà ìyàwòrán kékeré tó ń bá Windows wá, tó ọ̀rọ̀ tí a lè fi ilẹ̀ ṣú.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá, gbogbo ohun tí mo bá sì sọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò máa tò sí: ta ni yóò tún àwòrán yìí ṣe lọ́la? Mi ò bèèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n yà jù. Mi ò bèèrè sọ́fítíwíà tó rẹwà jù. Ta ni yóò tún un ṣe lọ́la?

Kí la ń yà ní ọ́fíìsì?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé ná. Kí la ń yà ní ọ́fíìsì wa? Ṣé ère ni? Ṣé àwòrán ọba ni? Ọ̀gá ní kí o ya àtẹ tó fi hàn ẹni tó ń jábọ̀ fún ẹni. Oníbàárà kan ní òun ò mọ ọ̀nà, o fẹ́ ya ọ̀nà láti àdúgbò Challenge dé ẹnu géètì yín ránṣẹ́ sí i. Nǹkan bàjẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, o fẹ́ ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà náà, kí o fi ọfà pupa tọ́ka síbi tó ti bàjẹ́. Ẹ fẹ́ lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara jẹnẹrétọ̀. Ẹ fẹ́ ya bí àga yóò ṣe tò ní gbọ̀ngàn ìpàdé. Iṣẹ́ ọ́fíìsì nìyẹn. Àpótí, ọfà, ìlà, ọ̀rọ̀ díẹ̀, àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ wá wò ó: ṣé nítorí ọfà pupa kan la ṣe máa gbé Photoshop, sọ́fítíwíà ńlá tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ka orí kọ̀ǹpútà tó ti ń mí gúlegúle tẹ́lẹ̀? Mo ti rí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rọ máa ń gba àkókò tí ẹ̀yin lè fi jẹ dòdò tán kó tó ṣí. Nítorí pé a fẹ́ jẹran, a kì í pe màlúù ní bọ̀dá. Tó bá jẹ́ fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ni, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, Shift àti S lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi máòsì yí ibi tí ẹ fẹ́ ká, ó parí. Irinṣẹ́ yẹn ti wà nínú Windows yín. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀.

Nísinsìnyí, kí ló dé tí mo fi ń da ọ̀rọ̀ ọ̀la láàmú? Nítorí pé àwòrán ọ́fíìsì kì í ṣe tìrẹ. Ìwọ tí o yà á, wọ́n lè gbé ọ lọ sí ẹ̀ka mìíràn. O lè lọ sí ìsinmi. O lè lọ́kọ, kí ọkọ gbé ọ lọ sí Àbújá. Àwòrán yẹn kò bá ọ lọ. Inú fáìlì ọ́fíìsì ló wà, ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ ni yóò bá a níbẹ̀. Bí igbákejì ọ̀gá bá yí padà, ṣé yóò lè pa orúkọ kan rẹ́, kó kọ òmíràn sí i, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde? Àbí yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Paint, àgbà tí a ò gbọ́dọ̀ fojú di

Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà máa ń fi Paint ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rọra. Paint dàgbà ju púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó wà níbí lọ. Ní 1984, Bill Atkinson ṣe MacPaint fún kọ̀ǹpútà Macintosh ti Apple. Ní oṣù kọkànlá 1985, Windows àkọ́kọ́ jáde, ó sì gbé Paint dání. Dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀ nígbà yẹn. Ìlànà tó wà nínú àwọn méjèèjì náà là ń lò títí di òní: pẹ́ńsù, búrọ́ọ̀ṣì, ìrésà, ike àwọ̀ tí a ń dà síbi tó ṣófo. Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé síṣẹ́, Paint ni àwọn méjèèjì lè jùmọ̀ lò láìsí pé ẹnì kan kọ́ ẹnì kejì. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Mélòó nínú irinṣẹ́ ọ́fíìsì yín lẹ lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀?

Ní oṣù keje 2017, Microsoft kọ orúkọ Paint mọ́ àwọn ohun tí wọn ò ní máa tún ṣe mọ́. Ariwo ta káàkiri ayé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi jáde wá sọ pé Paint ò ní kú. Ní 2023 wọ́n tiẹ̀ wá fún un ní layer, ìyẹn ni pé èèyàn lè ya nǹkan sórí nǹkan láìba ti ìsàlẹ̀ jẹ́, lórí Windows 11. Paint 3D tí wọ́n ti gbé jáde pé òun ni yóò jogún ilé, òun gan-an ni wọ́n yọ kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù ní 2024. Ẹni tí wọ́n ní kó wá gba ipò ló kọ́kọ́ lọ. (Mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì náà, àbí?)

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi Paint ní ìbéèrè wa. Ta ni yóò tún un ṣe lọ́la?

Ẹ bá mi ṣe é, ẹ̀yin tí ẹ gbé laptop wá. Ẹ ṣí Paint. Ẹ tẹ lẹ́tà A tó wà lókè. Ẹ fa àpótí kan, ẹ kọ "Ọ̀gá Àgbà" sínú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìlà tótótó yẹn bá ṣì yí ọ̀rọ̀ náà ká, ẹ lè pa lẹ́tà rẹ́, ẹ lè sọ ọ́ di gàdàgbà, ẹ lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ó dáa. Ẹ wá fi máòsì tẹ ibòmíràn lójú ìwé náà. Ẹ padà lọ tẹ "Ọ̀gá Àgbà." Kí lẹ rí? Kò dá yín lóhùn mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́, ó ti di ọ̀dà tó ta sórí ìwé. Bí ẹ ò bá tíì pa Paint dé, Ctrl àti Z lè gbà yín. Lọ́la ńkọ́, nígbà tí ẹlòmíràn bá ṣí fáìlì náà? Ìrésà nìkan ló kù fún un.

Ọ́fíìsì kan tí mo mọ̀ wà ní Dùgbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àwòrán ọ̀nà kan tó dára gan-an: Ilé Kòkó wà níbẹ̀ tó ga fíofío, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, gbogbo òpópónà ní orúkọ. Obìnrin tó yà á ní sùúrù, ó sì ní ojú. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Ring Road, ọ̀gá ní kí wọ́n kàn sún ilé náà lọ síwájú, kí wọ́n sì fi òpópónà mẹ́ta kún un. Obìnrin náà ti kúrò níbi iṣẹ́ nígbà yẹn. Fáìlì tó kù jẹ́ JPEG láti inú Paint. Ẹni tó gba iṣẹ́ náà fi ìrésà pa Dùgbẹ̀ rẹ́, ó pa ìdajì ọ̀nà pọ̀ mọ́ ọn, ó gbìyànjú láti lẹ funfun lé e, funfun náà ò sì bá funfun ẹ̀yìn mu. Ní ìkẹyìn wọ́n fi bíró ya òmíràn sórí ìwé, wọ́n fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, òun ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp. Iṣẹ́ tí obìnrin yẹn fi sùúrù ṣe ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí mo dúró sí nìyí: Paint dára fún ohun tí a ò ní tún ṣe. Ọfà pupa lórí fọ́tò, òun ni. Gígé etí àwòrán, òun ni. Ohun tí ọ́fíìsì yóò máa lò títí, ẹ má yà á sínú Paint.

Èyí tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀, àti èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú àwòrán. Èkíní dà bí iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ara adé: àwọn igun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n ń pè ní pixel ni wọ́n tò sára wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Bí o bá sún mọ́ ọn, ojú rẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí hóró. Paint, Paint.NET, GIMP àti Photoshop, irú èyí ni gbogbo wọn.

Ọ̀nà kejì ni wọ́n ń pè ní vector. Kọ̀ǹpútà kò tọ́jú hóró kankan níbẹ̀. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé "ìlà kan wà láti ibí dé ibí, ó nípọn tó báyìí, àwọ̀ rẹ̀ nìyí." O fẹ́ kó tóbi bí ilé? Yóò tún ìṣirò náà ṣe, yóò yà á lákọ̀tun, etí rẹ̀ yóò sì mọ́ rekete. O fẹ́ sún àpótí? Àpótí ni yóò sún, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wà níbẹ̀ láìfarapa. Inkscape, LibreOffice Draw àti CorelDRAW, irú èyí ni wọ́n.

Ibo ni èyí ti ń bá wa jà jù? Lógò! Ẹ lọ bi àwọn onítẹ̀wé Mọ́kọ́lá. Wọn yóò sọ fún yín pé àárọ̀ ṣúlẹ̀, lógò tó ti inú WhatsApp wá ni wọ́n ń gbà. Ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé, akọ̀wé fi ránṣẹ́ sí awakọ̀, awakọ̀ fi han onítẹ̀wé. Bí ẹ bá fi àwòrán ránṣẹ́ lásán lórí WhatsApp, yóò fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, lára ohun tó wà nínú àwòrán yóò sì lọ sí i. Tó bá di dandan pé kí ẹ gba ibẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, kì í ṣe bíi fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Kí nǹkan tó mọ́ lórí ìwé, àwọn onítẹ̀wé máa ń fẹ́ pixel 300 nínú inṣi kan. Ojú ìwé A4 kan nìyẹn, pixel 2480 ní ìbú, 3508 ní gígùn, ó ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Lógò tí ìbú rẹ̀ kò ju pixel 300 lọ, inṣi kan péré ni ó lè fi mọ́ lórí ìwé. Ẹ wá gbé e lọ sórí bánà tó gùn ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ṣé onítẹ̀wé ló jẹ̀bi?

JPEG ńkọ́? JPEG dára fún fọ́tò èèyàn àti igi. Kí fáìlì lè kéré, ó máa ń ju díẹ̀ nù nínú àwòrán nígbà gbogbo tí a bá tún un séèfù. Fún ọ̀rọ̀, ìlà àti lógò, ẹ lo PNG, kì í ju nǹkan kan nù. Bí ẹ bá sì rí èéfín dúdúdúdú kan tó yí lẹ́tà ká nínú ìwé ìkéde yín, JPEG nìyẹn.

Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni

Mo dé ibi tó ń ká mi lára jù, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Mo wà níbi ayẹyẹ kan nínú ìlú yìí tí wọ́n ti ń fún àwọn àgbà ní ìwé ẹ̀rí ìdúpẹ́. Ìwé náà dán, wúrà yí etí rẹ̀ ká, èdìdì pupa wà nísàlẹ̀. Wọ́n pe bàbá kan, ó jáde, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá gba ìwé, ó gbé dígí rẹ̀ sójú, ó wò ó títí, ó sì yíjú sí ẹni tó fún un pé, "Ta ni wọ́n kọ síbí?" Gbogbo ibi tó yẹ kí lẹ́tà tó ní ààmì wà nínú orúkọ bàbá, àpótí kékeré tó ṣófo ló wà níbẹ̀. Ẹni ọdún gbọọrọ, wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ di àpótí.

Ta ló fà á? Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà kan pàtó fún ẹ, ó ní fún ọ, ó ní fún ṣ. Ìlànà tí gbogbo ayé ń lò fún nọ́ńbà lẹ́tà, tí wọ́n ń pè ní Unicode, ti fi wọ́n síbẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ tó ní ààmì lórí tó sì tún ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà àdáni. Lẹ́tà ẹ ni a óò kọ́kọ́ kọ, ààmì ohùn yóò wá jókòó lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀. Ó wá kù sọ́wọ́ fọ́ǹtì kó mọ bí yóò ṣe gbé ààmì náà sí àárín orí lẹ́tà. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbé e sí, bí fìlà tó fẹ́ já bọ́. Fọ́ǹtì tí kò bá tiẹ̀ ní i rárá, àpótí ni yóò gbé jáde. Àwọn fọ́ǹtì olówó iyebíye tí wọ́n ń fi kọ ìwé ìgbéyàwó, èyí tó ń lọ́ bí ejò yẹn, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú sọ́fítíwíà kankan wọlé ọ́fíìsì, ẹ kọ gbólóhùn yìí sínú rẹ̀: "Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ṣáṣá, ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀." Ẹ kọ ọ́ kékeré, ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá, ẹ séèfù rẹ̀, ẹ pa á dé, ẹ tún un ṣí, ẹ sọ ọ́ di PDF, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Bí gbogbo ààmì bá ṣì jókòó síbi tí wọ́n wà, ẹ mú un. Bí ọ̀kan bá sá lọ, ẹ yí fọ́ǹtì padà, ẹ tún un dán wò. Noto Sans, Charis SIL, Gentium, DejaVu Sans: ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì mọ Yorùbá kọ. Ẹ fi ọ̀kan sórí gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì, kì í ṣe ti ọ̀gá nìkan.

Ohun kan ṣì kù o. Ẹ lè kọ ọ́ dáadáa nínú ọ́fíìsì, kó dé ọ̀dọ̀ onítẹ̀wé kó bàjẹ́, torí pé fọ́ǹtì yín kò sí lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. CorelDRAW ni púpọ̀ nínú wọn ń lò; ilé iṣẹ́ kan ní Ottawa ní Kánádà ló gbé e jáde ní 1989, ó sì ti di ọmọ onílé ní gbogbo ilé ìtẹ̀wé wa. Bí ẹ bá ń lo Inkscape, ẹ yan ọ̀rọ̀ náà, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti C. Àwọn lẹ́tà yóò di àwòrán ìlà, kò sí fọ́ǹtì tó lè ba ohunkóhun jẹ́ mọ́. Ẹ sọ ọ́ di PDF, kí ẹ fún onítẹ̀wé. Àmọ́ ẹ̀dà ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí! Ẹ fi ojúlówó pamọ́ pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀, torí ẹni ọ̀la.

Ìbàdàn yìí kan náà ni o, níbi tí ìwé tí a fi kọ́ ABD ti ń jáde láti Jẹ́ríkò, tí wọ́n ti ń to lẹ́tà Yorùbá létòletò kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ó yẹ kó tì wá lójú bí kọ̀ǹpútà bá dé tán tí a wá ń tẹ orúkọ bàbá ní àpótí.

Ẹ̀rọ, iná, àti ọ̀rọ̀ crack

Èyí ò ní pẹ́. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ti dàgbà, ẹ má gbé ohun tó wúwo lé e. Windows 10 gan-an, Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún gbogbo gbòò lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọ́fíìsì ni kò sì lè gba Windows 11. Àwọn kan ti ń fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń dúró nípò Windows, sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, LibreOffice, Inkscape àti GIMP yóò bá yín lọ. KolourPaint wà níbẹ̀ tó jọ Paint bí ìbejì. Paint.NET ò ní bá yín lọ, Windows nìkan ló mọ̀.

Iná. Mo nílò kí n sọ̀rọ̀ iná fún yín bí? Inkscape àti LibreOffice, ẹ lè wọ ibi ètò wọn kí ẹ ní kí wọ́n máa tọ́jú iṣẹ́ fúnra wọn ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra. Ẹ lọ tàn án, kí ẹ sì dín ìṣẹ́jú rẹ̀ kù. Ní ti Paint, Ctrl àti S ni UPS yín.

Crack ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Sọ́fítíwíà olówó gọbọi tí ẹnì kan bá yín já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan, ó ní kí ẹ kọ́kọ́ pa olùṣọ́ kọ̀ǹpútà yín tó ń lé vírọ́ọ̀sì kí ó tó lè wọlé. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ní kí ẹ lé ọdẹ lọ sùn kí òun tó wọlé, kí lẹ rò pé ó wá ṣe? Kọ̀ǹpútà tí owó oṣù àwọn èèyàn wà nínú rẹ̀!

Kí la wá máa mú?

Bí ẹ bá bi mí, LibreOffice Draw ni màá kọ́kọ́ fi sórí kọ̀ǹpútà gbogbo akọ̀wé. Kò gbajúmọ̀, ẹnikẹ́ni kì í fi yangàn, ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà nínú LibreOffice tí púpọ̀ yín ti ní láìmọ̀. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ ya àpótí fún ọ̀gá, ẹ ya àpótí mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ síbi ìlà tí wọ́n ń pè ní connector, ẹ fà á láti ara àpótí kan dé ara èkejì títí tí yóò fi lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá fa àpótí ọ̀gá lọ sápá ọ̀tún. Ìlà náà ń tẹ̀lé e! Ó ń na ara rẹ̀, ó ń kán ní ìgbọ̀nwọ́, kò já. Ẹ tẹ inú àpótí náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pa orúkọ rẹ́, ẹ kọ tuntun. Ọdún márùn-ún lè kọjá, ẹni tí kò mọ̀ yín rí yóò ṣí i, yóò tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwòrán ọ́fíìsì nìyẹn.

Inkscape, ẹ kọ́ ẹnì kan tàbí méjì ní ọ́fíìsì, kí wọ́n fi tún lógò yà ní vector lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ìyà rẹ̀ tán. GIMP lágbára, àmọ́ fún fọ́tò ni. Bí kì í bá ṣe ẹni tó ń ṣe ìwé ìròyìn ọ́fíìsì, ẹ jẹ́ kó sinmi. Paint.NET wà láàárín Paint àti GIMP, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ń bá fọ́tò ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ wàhálà.

Àtúnṣe: ti ọwọ́ wa, àti ti ọwọ́ àwọn tó ṣe é

Ẹ̀yin èèyàn mi, sọ́fítíwíà tí a gbé wálé tí a ò tún ṣe, a ò tíì gbé e wálé. Ẹ ṣí Draw. Ẹ gbé lógò síbi tó yẹ kó wà, ẹ kọ orúkọ ọ́fíìsì nísàlẹ̀, ẹ yan fọ́ǹtì tó mọ Yorùbá, ẹ to àwọ̀ ọ́fíìsì yín sílẹ̀. Ẹ wá séèfù rẹ̀ bíi template, ìyẹn àwòṣe tí a ó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun láti inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò máa bi ara rẹ̀ pé àwọ̀ búlúù wo là ń lò. Àwọn àwòrán tí ẹ ń lò léraléra, ọfà, ààmì iná, ààmì ilé ìyàgbẹ́, ẹ kó wọn sínú Gallery tó wà lápá ọ̀tún. Ẹ ṣe fódà kan fún gbogbo ọ́fíìsì, kí ojúlówó fáìlì wà níbẹ̀, kí PDF rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí orúkọ fáìlì sì jẹ́ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe "untitled2", kì í ṣe "final final tuntun".

Apá kejì ni mo ti mọ̀ pé ẹ ò gbà mí gbọ́. Ẹ rò pé àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà wọ̀nyí jẹ́ ẹ̀mí àìrí kan lókè òkun. Rárá o. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní yunifásítì Berkeley, Spencer Kimball àti Peter Mattis, ló bẹ̀rẹ̀ GIMP ní 1995. Paint.NET bẹ̀rẹ̀ ní 2004 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Washington State University. Ọmọ iléèwé ni wọ́n, bíi tàwọn tó jókòó lẹ́yìn yẹn. Inkscape jáde ní 2003 nígbà tí àwọn kan tó ń ṣe sọ́fítíwíà mìíràn tí wọ́n ń pè ní Sodipodi yapa, wọ́n sì gbé koodu rẹ̀ lọ tún ṣe bó ṣe wù wọ́n. Òfin rẹ̀ gbà wọ́n láyè. Òfin kan náà gbà yín láyè.

Bí ààmì ohùn bá ń já bọ́ lórí ọ̀ nínú sọ́fítíwíà kan, ta ló yẹ kó sọ fún wọn? Ará Jámánì? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ẹnu. Inkscape, GIMP àti LibreOffice ní ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ò ní sanwó. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ má kọ pé "sọ́fítíwíà yín ò dáa." Ẹ kọ ẹ̀dà tí ẹ ń lò, ẹ kọ Windows tàbí Linux tó wà lórí ẹ̀rọ, ẹ kọ orúkọ fọ́ǹtì, ẹ kọ ohun tí ẹ tẹ̀ ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé, ohun tí ẹ retí àti ohun tí ẹ rí. Ẹ so fáìlì kékeré kan mọ́ ọn tí ìṣòro náà wà nínú rẹ̀, àti fọ́tò bó ṣe rí lójú yín. Ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀sùn kan. Ẹni tó máa tún un ṣe kò gbọ́ Yorùbá, kò mọ̀ pé ibi tí ààmì yẹn jókòó sí kò dára, àfi kí ẹ fi bó ṣe yẹ kó rí hàn án.

Kí ẹ sì tún mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lórí bọ́tìnì sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ wọ̀nyí, àwọn tó ń sọ èdè kọ̀ọ̀kan fúnra wọn ló ń túmọ̀ wọn. Ẹ̀yin tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní Yunifásítì, ẹ̀yin ọmọ Póòlì, iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún yín. Mo ti bá alága sọ ọ́, ó ní a lè lo yàrá kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí fún un. Ẹni tó bá fẹ́, kó kọ orúkọ rẹ̀ síwèé tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó sì fi ààmì sí i dáadáa.

Ìyá wa kan ti nawọ́ sókè láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ crack. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀, mo ń gbọ́ yín.